Orí Keje: Kíkọ CV fún Iṣẹ́ Olùkọ́ Iṣẹ́ Ọwọ́

Kí ìjọba Kwame Nkrumah tó kọ́ èbúté Tema ní Gánà, abúlé ni Ashaiman. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1950, àwọn òṣìṣẹ́ tí kò rí ilé gbà ní Tema tuntun yà sí Ashaiman tó múlé tì í. Èbúté náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1962, ilé ìfọpo tẹ̀lé e lọ́dún 1963, ilé iṣẹ́ VALCO sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ alumíníọ̀mù lọ́dún 1967 pẹ̀lú iná mànàmáná láti ìdídò Akosombo. Bí iṣẹ́ ṣe ń pọ̀ ní Tema ni èrò ń ya wọ Ashaiman: Ewe, Akan, Dangme, Hausa, àwọn ará àríwá Gánà, àti àwọn tó ré kọjá ààlà wá. Lọ́dún 2008 ni wọ́n yọ ìlú náà kúrò lábẹ́ Tema, tó sì ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀.

Títí di òní, ìlú oníṣẹ́ ọwọ́ ni. Wẹ́dà, mẹkáníìkì, káfíńtà, teélọ̀, onídìrí, kò sí èyí tí ẹ ò ní rí. Ẹni tó mọṣẹ́ kò wọ́n. Ẹni tó wọ́n ni ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ náà kọ́ ẹlòmíràn, tó sì lè fi ìwé ojú ewé méjì jẹ́rìí sí i fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé iṣẹ́ tó ń wá olùkọ́. Orí yìí dá lórí ìwé ojú ewé méjì náà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó fẹ́ di olùkọ́ ni mo ní lọ́kàn jù lọ bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí mo ti rí i pé àwọn gan-an ni iṣẹ́ wọn pọ̀ jù, tí ìwé wọn sì máa ń sọ̀rọ̀ kéré jù.

Ẹni tó mọṣẹ́ àti ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́

Bí wẹ́dà bá ń wá iṣẹ́ wẹ́dà, kó sọ irú géètì tó ti ṣe, irú irin tó mọ̀ ọ́n jó, àti iye ọdún tó ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó tó. Bí wẹ́dà yìí kan náà bá ń wá iṣẹ́ olùkọ́, géètì tó ṣe kò tó mọ́. Ẹni tó fẹ́ gbà á síṣẹ́ ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mìíràn: àwọn wo ló ti kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe báyìí tí wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe nígbà tí wọ́n dé? Báwo ló ṣe mọ̀ pé wọ́n ti mọ̀ ọ́n?

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ CV ti ń ṣìnà. Ojú ewé kan àbọ̀ á kún fún ohun tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀rọ̀ àwọn tó kọ́ á sì wá wà nínú gbólóhùn kan ṣoṣo nísàlẹ̀: "Mo tún ti kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́." Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn gan-an ló yẹ kó gba ìdajì ìwé náà. Olùkọ́ ni wọ́n ń wá, ẹ̀rí olùkọ́ sì wà lára akẹ́kọ̀ọ́.

Ohun mìíràn tó ń dí wa lọ́wọ́ ni ẹ̀kọ́ ilé. Wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé kí ènìyàn má yin ara rẹ̀, pé ẹlòmíràn ló yẹ kó yin ni. Ẹ̀kọ́ rere ni, kò sì sí ìdí láti pa á tì nítorí iṣẹ́. Ẹ kàn mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyìn àti ìròyìn. "Olùkọ́ tó dáńgájíá ni mí" jẹ́ ìyìn, ẹnikẹ́ni ló sì lè kọ ọ́. "Mo gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́jọ, mẹ́fà ti gba fíríìdọ̀mù, mẹ́rin nínú wọn sì ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn" jẹ́ ìròyìn. Ẹni tó bá kà á á fúnra rẹ̀ yìn yín.

Ìwé ẹ̀rí àti bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀

Ní Gánà, ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ ti yí padà ju ìgbà kan lọ, ó sì yẹ kí ẹni tó ń kọ CV mọ ìtàn rẹ̀ díẹ̀ kó má baà dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́dún 1970 ni ìjọba dá NVTI sílẹ̀, àjọ tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe ìdánwò lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 2006 ni òfin COTVET jáde láti mú gbogbo ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ wá sábẹ́ àbójútó kan. Lọ́dún 2020, òfin tuntun sọ COTVET di Àjọ TVET, tí wọ́n ń pè ní CTVET. Nítorí náà, bí ìwé ẹ̀rí yín bá jẹ́ ti NVTI, ẹ kọ NVTI pẹ̀lú ọdún tí ẹ gbà á. Ẹ má yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti àjọ tuntun kó lè dà bíi pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á. Orúkọ tó wà lórí ìwé ni kó wà nínú CV.

Ipele mẹ́jọ ló wà nínú ètò ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ orílẹ̀-èdè náà. Proficiency I àti Proficiency II ló wà nísàlẹ̀, Certificate I àti Certificate II tẹ̀lé wọn, HND wà ní ipele karùn-ún, lẹ́yìn náà ni àwọn oyè yunifásítì láti BTech dé DTech. Àwọn ipele méjì àkọ́kọ́ ṣe pàtàkì fún ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá láìwọ ilé ẹ̀kọ́ kankan, torí pé ẹnu ọ̀nà tiwọn nìyẹn sínú ètò náà. Bí ẹ bá wà ní Proficiency II, ẹ kọ ọ́ ketekete, kí ẹ má sì tijú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó fẹ́ ẹni tí yóò kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè wo ọ̀gá tó ní Proficiency II pẹ̀lú ọdún mẹ́wàá ìkọ́ni ṣáájú ẹni tó ní HND tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá nìkan ni ẹ ti kọ́ṣẹ́, ẹ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, ìlú tó wà, ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tí ẹ gba fíríìdọ̀mù. Ẹ fi ẹgbẹ́ tí ẹ wà kún un, bí àpẹẹrẹ ẹgbẹ́ àwọn teélọ̀ àti aránṣọ Gánà, GNTDA. Ẹgbẹ́ mọ ọmọ ẹgbẹ́, ó sì ṣeé pè lórí fóònù.

Àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí wọn ní Nàìjíríà ní iṣẹ́ kan sí i. Ẹni tó ń ka ìwé yín ní Tema lè má tíì gbọ́ NABTEB rí. Ẹ fi gbólóhùn kan ṣàlàyé pé àjọ ìdánwò ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fún iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ òwò ni, kí ẹ sì dárúkọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe ìdánwò lé lórí. Bí ó bá jẹ́ oyè yunifásítì tàbí pólì, GTEC ni àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò rẹ̀ ní Gánà, tó sì ń sọ ipele tó bá a mu.

Ẹni tó bá sì ti gba ẹ̀kọ́ lórí ìkọ́ni fúnra rẹ̀, bí àwọn tó lọ sí yunifásítì tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Kumasi lọ́dún 2020 lórúkọ AAMUSTED fún irú iṣẹ́ yìí, kí ó gbé e sókè pátápátá níwájú ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan: aránṣọ tó fẹ́ di olùkọ́

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo aránṣọ kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ashaiman, tó gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ń wá olùkọ́. Ohun tó kọ́kọ́ kọ nìyí:

"Mo jẹ́ aránṣọ láti ọdún 2009. Mo mọ kábà àti sílíìtì rán, mo mọ yunifọ́ọ̀mù àti aṣọ ọkùnrin rán. Mo ti kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ iṣẹ́. Mo jẹ́ òṣìṣẹ́ kára, olóòótọ́, mo sì fẹ́ràn ènìyàn."

Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ènìyàn lè dì mú. "Ọ̀pọ̀lọpọ̀" lè jẹ́ mẹ́ta, ó lè jẹ́ ọgbọ̀n. Òṣìṣẹ́ kára àti olóòótọ́ wà nínú gbogbo CV tó wà lórí tábìlì ẹni tó ń gbaṣẹ́, débi pé ojú rẹ̀ ti ń fò wọ́n kọjá.

Ká ní a jókòó ti aránṣọ yìí, tí a bi í ní ìbéèrè. Ọmọ iṣẹ́ mélòó lo gbà? Ó mú ìwé àkọsílẹ̀ tó fi ń gba owó ìkọ́ṣẹ́ jáde, a kà wọ́n: mẹ́rìnlá. Mélòó ló parí? Mọ́kànlá. Àwọn mẹ́ta tó kù ńkọ́? Ọ̀kan kó lọ sí Kumasi, òbí àwọn méjì kò lè san owó mọ́. Kí lo fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tuntun? Ó ní òun kì í jẹ́ kí ó fọwọ́ kan aṣọ oníbàárà. Aṣọ obroni wawu, ìyẹn aṣọ àlòkù, tó ti gbó ni òun ń rà lọ́jà, ọmọ náà á kọ́kọ́ tú u palẹ̀ ní ojú rírán, á kó gbogbo abala rẹ̀ sílẹ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i lára, lẹ́yìn náà á rán an padà bó ṣe wà. Nígbà tó bá fi máa ṣe èyí tó bíi mélòó kan, á ti mọ bí apá ṣe ń bá ara aṣọ pàdé kí wọ́n tó fún un ní téèpù.

Ẹ wo ohun tí obìnrin yìí ní! Ọ̀nà ìkọ́ni tó dá ṣáká ni, òun tìkára rẹ̀ ló ronú kàn án, kò sì kọ ọ̀rọ̀ kan nípa rẹ̀ sínú CV nítorí ó rò pé nǹkan ojoojúmọ́ ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n má dá CV kọ. Ẹ wá ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ yín, kí ó máa bi yín ní ìbéèrè, kí ẹ sì máa kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìbéèrè, ìwé náà di báyìí:

"2012 sí 2024: ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ, Ashaiman. Mo gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́rìnlá fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́ta. Mọ́kànlá parí, mẹ́ta kò parí nítorí owó tàbí nítorí wọ́n kó kúrò nílùú. Mo pín ẹ̀kọ́ náà sí ipele mẹ́rin: títú aṣọ àlòkù palẹ̀ àti títún un rán, wíwọn ara àti yíya pátánì, gígé aṣọ, kábà, kọ́là àti síìpù. Ọmọ iṣẹ́ kì í kúrò ní ipele kan àfi tó bá dá ṣe iṣẹ́ ibẹ̀ lójú mi lẹ́ẹ̀mẹta láìsí àtúnṣe. Mẹ́fà nínú wọn jókòó fún ìdánwò Proficiency I, márùn-ún yege. Méje ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀."

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí a fi kọ àwọn mẹ́ta tí kò parí sí i. Ìdí ni pé ẹni tó ń ka ìwé yìí ti kọ́ni rí. Ó mọ̀ pé kò sí olùkọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń parí. Bí ó bá rí mẹ́rìnlá nínú mẹ́rìnlá, yóò fura; bí ó bá rí mọ́kànlá pẹ̀lú ìdí tí àwọn yòókù fi lọ, yóò gba ìyókù ìwé náà gbọ́. Irú òtítọ́ báyìí kò wọ́pọ̀ nínú CV, agbára rẹ̀ sì pọ̀.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ìlànà "lójú mi lẹ́ẹ̀mẹta" bá bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní Gánà lásìkò yìí mu. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó wà lábẹ́ CTVET ń lọ sí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní CBT, níbi tí wọ́n ti ń wo ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, kì í ṣe iye oṣù tó fi jókòó. Aránṣọ yìí ti ń ṣe é tipẹ́ láìmọ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá ti mọ orúkọ náà wàyí, kí ó lò ó nínú ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n kó rí i dájú pé òun lè ṣàlàyé rẹ̀ bí wọ́n bá bi í.

Iye tó wà nínú àpẹẹrẹ yìí, àwa la fi ojú inú ṣe é. Tiyín gbọ́dọ̀ ti inú ìwé àkọsílẹ̀ yín wá. Bí ẹ kò bá rántí iye, ẹ pe àwọn ọmọ iṣẹ́ àtijọ́ lórí fóònù, wọ́n á ran ara wọn lọ́wọ́ láti rántí. Bí kò bá ṣeé rántí síbẹ̀, ẹ kọ ohun tí ó dá yín lójú nìkan. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ máa ń ní kí ẹni tó wá fún íńtáfíù dìde kọ́ni fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ibẹ̀ sì ni CV tó ju ẹni tó ni ín lọ ti ń tú.

Èdè tí ẹ lè fi kọ́ni

Ní Ashaiman, kíláàsì kan lè ní ọmọ Ewe, ọmọ Twi, ọmọ Ga àti ọmọ Hausa lórí bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ nínú wọn tí Gẹ̀ẹ́sì kò dá ṣáká lẹ́nu wọn. Olùkọ́ tó lè ṣàlàyé iṣẹ́ ní èdè méjì tàbí mẹ́ta níbẹ̀ ní ohun tí ìwé ẹ̀rí kò lè fúnni. Síbẹ̀, àwọn ènìyàn wa tó gbọ́ Twi àti Hausa bí omi ń kọ "Gẹ̀ẹ́sì" nìkan sílẹ̀, bí ẹni pé èdè ọjà kì í ṣe èdè. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì pààlà sáàárín wọn: èyí tí ẹ lè fi kọ́ni, èyí tí ẹ lè fi dúnàádúrà, èyí tí ẹ kàn ń gbọ́. Ẹ má gbàgbé Yorùbá.

CV náà fúnra rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ ó fi kọ ọ́, nítorí òun ni èdè ọ́fíìsì ní Gánà. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọ́ ní èdè tí ẹ fi ń ronú, kí ẹ tó wá ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa láti bá yín gbé e kalẹ̀ ní gbólóhùn kúkúrú. Ní ọ̀pọ̀ kafé, ẹni tó ń báni tẹ̀wé ní ìwé kan tó máa ń lò fún gbogbo ènìyàn, orúkọ nìkan ni á pààrọ̀. Ẹ má gbà fún un. Bí ó bá yọ aṣọ obroni wawu tó fi ọ̀rọ̀ ńláńlá rọ́pò rẹ̀, ó ti yọ ìdí tí wọ́n fi máa pè yín.

Ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀

Ẹ̀sìn yín, iye ọmọ yín, orúkọ bàbá yín àti ìlú tó ti wá: kò sí ìkankan nínú wọn tó ń fi hàn pé ẹ lè kọ́ni. Òfin iṣẹ́ Gánà ti ọdún 2003 ka á léèwọ̀ fún agbanisíṣẹ́ láti ṣe ojúsàájú nítorí ẹ̀yà, ẹ̀sìn, òṣèlú, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, tàbí àìlera ara. Ẹ má fi ohun tí òfin ní kó má wò síwájú rẹ̀. Nọ́ńbà Ghana Card yín pẹ̀lú, ẹ fi pamọ́ títí wọn ó fi gbà yín, nítorí a kì í mọ ọwọ́ tí CV máa dé. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ní kí ẹ sanwó kí wọ́n tó ka ìwé yín, ẹ kọjá lọ.

Ìwé àṣẹ tún jẹ́ ọ̀ràn kan fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Gánà. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti lọ gbà á tàbí kí wọ́n kúrò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbẹ́tì àti Ọ̀fà tó ti ń gbé ní Gánà láti ìran dé ìran ló fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Àdéhùn ECOWAS tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1979 mú kí ènìyàn lè wọlé láìgba físà fún 90 ọjọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ pé kó ṣiṣẹ́ oṣù láìgbàṣẹ. Bí ẹ bá ní ìwé ìgbélùú àti ìwé àṣẹ iṣẹ́, ẹ kọ gbólóhùn kan pé ẹ ní in.

Ẹlẹ́rìí, ojú ewé àti fáìlì

Ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta tó. Ẹ fi ọ̀kan ṣe ọ̀gá yín tàbí alága ẹgbẹ́, kí ẹ sì fi òmíràn ṣe ọmọ iṣẹ́ yín àtijọ́ tó ti dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Àwọn ènìyàn kì í sábà ronú kan ti ìkẹyìn yìí, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó lè sọ bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni ju ẹni tó kọ́ lọ. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀.

Ojú ewé méjì kò gbọdọ̀ pọ̀ sí mẹ́ta. Orúkọ, fóònù àti ímeèlì á wà lókè, iṣẹ́ ìkọ́ni á tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà iṣẹ́ ọwọ́, ìwé ẹ̀rí, èdè, ẹlẹ́rìí. Ẹ fi pamọ́ ní PDF, kí orúkọ yín sì wà lára orúkọ fáìlì náà. Fọ́tò kò pọn dandan àfi bí wọ́n bá béèrè.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ yín sílẹ̀, ìyẹn pẹ̀lú àwọn àbúrò tí ẹ kọ́ nílé láìgbowó. Ní iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun kan tó mọ̀ ọ́n ṣe báyìí tí kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹ mú ohun kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ yín, bíi rírán síìpù, jíjó irin méjì pọ̀ tàbí yíyọ búréèkì ọkọ̀, kí ẹ sì fi gbólóhùn márùn-ún ṣàlàyé bí ẹ ṣe ń kọ́ ẹni tí kò ṣe é rí. Ẹ kà á sétí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà. Ibi tó bá ti dá yín dúró láti béèrè ọ̀rọ̀, ẹ tún ibẹ̀ kọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo CV tí ẹ ní lọ́wọ́ báyìí, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo gbólóhùn tí ẹlòmíràn tí kì í ṣe ẹ̀yin lè kọ láìyí ohunkóhun padà. Ẹ pa wọ́n rẹ́, kí ẹ sì mú orúkọ inú iṣẹ́ àkọ́kọ́ wá kún àyè wọn. Ẹ mú ìwé méjèèjì, ti àtijọ́ àti tuntun, wá sí kíláàsì tó ń bọ̀.